Ọ̀sẹ̀ Méjìdínlógójì àti Ojú Ọ̀tún Màmá Kékeré

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Kẹta

Ohun tó ti bàjẹ́, kí n tó gbàgbé ìkankan:

Káàdì ìlera Màmá Kékeré ti kú. Lẹ́tà tó pa á ti wà nínú ilé láti ọjọ́ kejìlélógún oṣù tó kọjá. Ó ní owó tó ń wọlé fún wọn ti ga ju ti ẹni tí ìjọba ń bá gbé ẹrù ìwòsàn. Owó wo? Obìnrin tó ń se oúnjẹ ọ̀sán fọ́mọ iléèwé!

Iṣẹ́ abẹ ojú ọ̀tún wọn bọ́ sí Ọjọ́bọ̀, 21. Ojú òsì ti lọ ní tiẹ̀. Dókítà là á mọ́lẹ̀ fún mi: omi inú ojú ń tẹ iṣan tí wọ́n fi ń ríran, èyí tó bá sì ti bàjẹ́ níbẹ̀ kò ní àtúnṣe. Kí ìyókù má bàa tẹ̀ lé e ni iṣẹ́ abẹ yìí wà fún. Bí ọjọ́ yẹn bá bọ́ lọ́wọ́ wa, oṣù mẹ́rin la tún máa tò. Ojú yẹn ò ní oṣù mẹ́rin.

Pẹ̀lú káàdì, ìdá kan nínú ogún ni Màmá máa san. Láìsí káàdì, gbogbo rẹ̀ porogodo — owó iṣẹ́ wọn fún odidi ọdún kan ò tó o.

Ta ló mọ̀? Màmá mọ̀: abẹ́ agolo ṣúgà ni wọ́n ki lẹ́tà náà sí. Olórí Ìdáná tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ mọ̀. Ọ́fíìsì káàdì mọ̀, àwọn ló kọ ọ́. Èmi tí mo jókòó kọ fọ́ọ̀mù náà fúnra mi nínú oṣù Kìíní, èmi tí mò ń lé ọkọ̀ búrẹ́dì méjìlélógún jáde ní aago márùn-ún ìdájí láìsí ẹyọ kan tó pẹ́ — èmi ni mi ò mọ̀. Ṣúgà ni mò ń wá tí mo fi rí i.

Mo bi Màmá pé kí ló dé tí wọ́n fi pa á mọ́ fún mi. Wọ́n ní, "Kíámọ́sá, o ò tíì jókòó."

Orúkọ tí wọ́n sọ mí láti ọmọ ọdún mẹ́fà nìyẹn, nígbà tí ìyá mi kú tí àbúrò rẹ̀ yìí kó mi sọ́dọ̀. Ìkòkò iléèwé ni wọ́n fọ̀ tí mo fi ka ìwé ìṣòwò ní yunifásítì.

Mi ò jókòó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5

Ọ́fíìsì káàdì. Yàrá kan, àga onígi mẹ́rìndínlógún, fáànù kan tó ń yí bí ẹni tí wọ́n fipá mú. Fèrèsé mẹ́ta, ẹnì kan péré ló ń dáni lóhùn. Bàbá onírun funfun kan, tó ń fi rúlà onígi sábẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan kó tó kà á. Ìlà kan. Ó sún rúlà. Ìlà kan. Mo sọ ọ́ ní Ìgbín. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ń kàwé bẹ́ẹ̀, búrẹ́dì á ti bu sí i lọ́wọ́. Aago méjì lù, èèyàn mẹ́rin ló kù kó kàn mí, fèrèsé tì.

Obìnrin tó jókòó tì mí ní kí n má bínú. Ó ní, "Ẹni tí bàbá yẹn bá ti dá lóhùn kì í padà wá síbí mọ́." Mo rò pé ó ń bú u ni.

Ọjọ́rú, 6

Ọkọ̀ mẹ́ta dákú níbi iṣẹ́, mi ò ráyè lọ. Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló kù.

Ọjọ́bọ̀, 7

Mo débẹ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀. Èmi ni mo ṣáájú.

Ìgbín mú fáìlì Màmá, ó ti rúlà bọ̀ ọ́. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ojú ìwé kejì ni kẹ́ ẹ ṣí, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà." Kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Màdáàmù, ibi tí ọ̀rọ̀ wà kì í sábà jẹ́ ibi tí wọ́n ní ó wà." Ó kà á tán. Ó ní ta ló kọ ọ́. Mo ní èmi ni — mo tilẹ̀ fi yangàn díẹ̀, torí ọwọ́ ìkọ̀wé mi dáa.

Ó ní, "Ọ̀sẹ̀ mélòó ni iléèwé ń sanwó fún wọn lọ́dún?"

Mo ní méjìléláàádọ́ta. Ọ̀sẹ̀ mélòó ló tún wà nínú ọdún?

Ó gbé rúlà sílẹ̀. "Tí iléèwé bá gba ọlidé, ta ló ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán?"

Ọ̀sẹ̀ méjìdínlógójì ni àwọn ọmọ fi ń jẹun níléèwé, òun náà sì ni wọ́n ń san fún obìnrin ìdáná. Ọlidé dé, kò sóúnjẹ, kò sówó. Mo sì mọ̀ ọ́n! Inú ilé yẹn ni mo dàgbà sí. Mo mọ bí ọbẹ̀ wa ṣe máa ń ṣàn nígbà ọlidé. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ti mọ́ ìṣírò owó awakọ̀ ló kọ fọ́ọ̀mù: owó ọ̀sẹ̀ kan lọ́nà méjìléláàádọ́ta. Mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá tí ẹnikẹ́ni ò san kún owó Màmá, ó sì gbé wọn fo ààlà.

Kò tán síbẹ̀. Ó dìde, ó lọ sẹ́yìn, ó mú fáìlì méjì mìíràn bọ̀, ó tò wọ́n síwájú mi. "Ẹ wo nọ́ńbà méje yín yìí, tó de ìgbànú." Òótọ́ ni, mo máa ń fa ìlà kékeré sí ìbàdí nọ́ńbà méje. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ti rí i pé ọwọ́ kan náà ló kọ gbogbo rẹ̀. Ó kàn ń retí olúwarẹ̀ ni. "Mélòó lẹ kọ?"

Mẹ́sàn-án. Gbogbo obìnrin ìdáná iléèwé yẹn. Àbámẹ́ta kan, wákàtí méjì, nínú yàrá tí wọ́n ń kó àpò ìrẹsì sí. Mẹ́ta ti gba lẹ́tà. Ti mẹ́fà yòókù wà lọ́nà. "Ẹ má kà á, ẹ kàn fọwọ́ sí i" — bí mo ṣe ń wí lọ́jọ́ yẹn nìyẹn, tí mò ń wo aago.

Mi ò ní pè wọ́n ní Ìgbín mọ́. Bàbá Rúlà ni wọ́n.

Ọjọ́ Ẹtì, 8

Mo bá Màmá níbi tí wọ́n ti ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Mo jẹ́wọ́. Wọ́n ní, "Mo mọ̀."

Wọ́n ti rí iye yẹn lọ́jọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i. Wọ́n ní ó pọ̀ lójú àwọn, ṣùgbọ́n ọmọ àwọn ló lọ yunifásítì, bóyá bí ìjọba ṣe ń ṣírò nìyẹn. Ìgbà tí lẹ́tà dé ló yé wọn. Olórí Ìdáná náà gba tirẹ̀, ó fẹ́ pariwo. Màmá bẹ̀ ẹ́ pé kó má dárúkọ ẹni tó kọ ọ́.

Mo ní, "Ẹ fẹ́ fọ́jú torí kí n má bàa tijú?"

"Ta ló sọ̀rọ̀ ìfọ́jú? Mò ń wá ọ̀nà ni."

Ọ̀nà wo? Wọ́n tún ki ọwọ́ bọ ẹ̀wà. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i: Màmá ò wo ẹ̀wà yẹn rárá. Ìka ni wọ́n fi ń wá òkúta. Mo dúró tì wọ́n títí wọ́n fi ṣa gbogbo rẹ̀ tán. Mo wá yẹ abọ́ wò lẹ́yìn wọn. Kò sí òkúta kan ṣoṣo tó bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9

Ọ̀nà méjì ló wà, bí Bàbá Rúlà ṣe là á fún mi. Mo kọ ọ́ síbí kí n lè rí i kedere.

Àkọ́kọ́: ẹni tó bá ti ní ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, àwọn fúnra wọn lè tún tirẹ̀ ṣe láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Tirẹ̀ nìkan. Tí wọ́n bá ti yọ ọ̀kan ṣe, òfin ò gbà kí ìyókù tún wá pa pọ̀; àwọn mẹ́jọ á wọ ìlà gbogboogbò, ó di oṣù Kẹfà.

Èkejì: kí ẹni tó kọ fọ́ọ̀mù jẹ́wọ́ lórí ìwé pé àṣìṣe kan náà ló wà nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Kí iléèwé kọ lẹ́tà iye ọ̀sẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kí ọ̀gá àgbà ọ́fíìsì fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó lè yá. Ó lè má yá.

Lójú tèmi, kò sí àríyànjiyàn: ká tún ti Màmá ṣe, ká rí ojú gbà ná. Mo tún ní mo lè ta ọkọ̀ mi, ká san owó náà lọ́wọ́. Màmá rẹ́rìn-ín. "Ọkọ̀ ẹ yẹn? Ìpéǹpéjú lásán ò lè rà."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ní: "Ọmọ Ẹlẹ́rìn-ín ní ikọ́ fée. Oògùn tó ń fà símú á tán lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Kí n gba ojú mi, kí n wá máa fi wo ọmọ yẹn?"

Ẹlẹ́rìn-ín ni obìnrin tí wọ́n jọ ń gé ẹ̀fọ́. Mo mọ ọmọ náà. Síbẹ̀, mo pariwo. Mo sọ̀rọ̀ tí mi ò ní kọ síbí. Wọ́n jẹ́ kí n pariwo tán, wọ́n bomi fún mi.

"Mẹ́sàn-án lo kọ, Kíámọ́sá. Mẹ́sàn-án lo máa tún kọ."

Mo ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá oríṣiríṣi. Mi ò tíì rí èyí tó ń pàṣẹ bẹ́ẹ̀ láìgbóhùn sókè.

Ọjọ́ Àìkú, 10

Màmá borí. Mẹ́sàn-án ni.

Ọjọ́ Ajé, 11

Ilé ìdáná iléèwé, aago méje àárọ̀. Ooru. Ìkòkò tó tó kí ọmọdé lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Mo dúró láàárín wọn, mo ní èmi ni mo ba káàdì yín jẹ́, mo ṣàlàyé ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá. Ọ̀bẹ gan-an dúró lórí alùbọ́sà.

Olórí Ìdáná ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Ẹ gbà mí o! Ọ̀gá tó ń fi búrẹ́dì bọ́ gbogbo ìlú ò mọ̀ pé ọmọdé ń gba ọlidé!" Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. "Àṣé mo lówó oṣù mẹ́ta ààbọ̀ níbì kan, mi ò tíì rí i ná!" "Tèmi dà, Kíámọ́sá? Mú un wá jàre, bàtà mi ti lanu!" Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ìrẹsì fi hó. Mo dúró gbà á. Mo jẹ gbèsè rẹ̀.

Ẹlẹ́rìn-ín nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ mẹ́rin ló kù fún oògùn ọmọ rẹ̀. Ó kàn bi mí pé, "Kí la máa ṣe, kí la máa kọ́kọ́ ṣe, nígbà wo?" Mo fẹ́ gbà á síṣẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Màmá wà nídìí ìkòkò tó tóbi jù. Wọn ò wò ó. Wọ́n ń tẹ́tí sí i ni. Wọ́n ní, "Ẹ dín iná ẹ̀yìn kù," ẹ̀yìn wọn sì wà sí iná náà. Àwọn yòókù dín in. Mo lọ yọjú: ó ti fẹ́ máa jó lóòótọ́.

Akápò iléèwé ní lẹ́tà mẹ́sàn-án á gba ọ̀sẹ̀ méjì. Mo gbé àga sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, mo jókòó. Gbogbo ẹni tó fẹ́ wọlé ní láti fo ẹsẹ̀ mi. Nígbà tó di aago mẹ́rin, ó ní kí n wá gbà á lọ́la.

Màmá gbọ́, wọ́n ní, "O jókòó? Ìwọ?"

Ọjọ́rú, 13

Lẹ́tà mẹ́sàn-án dé ọwọ́ Bàbá Rúlà, pẹ̀lú ìwé ìjẹ́wọ́ mi. Mo ní kí wọ́n kàn fojú wo orúkọ, iye ọ̀sẹ̀ kan náà ló wà nínú gbogbo rẹ̀. Wọ́n wò mí látorí ìgò ojú wọn. Rúlà. Ìlà kan. Rúlà. Wákàtí mẹ́ta.

Nínú lẹ́tà keje, akápò kọ mọ́kàndínlógójì dípò méjìdínlógójì. Èmi ti kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo fò ó. Wọ́n ní tí ọ̀gá àgbà bá rí ọ̀kan tó yàtọ̀, mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló máa padà. Mo sáré lọ iléèwé, mo sáré bọ̀. Ohun tí obìnrin ọjọ́sí wí ti wá yé mi. Ẹni tí bàbá yìí bá dá lóhùn kì í padà wá torí iṣẹ́ tirẹ̀ ti parí pátápátá ni.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n ti wà nídìí fèrèsé yẹn. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò wá ibòmíì lọ.

"Àwọn tó ń kánjú pọ̀ níbí, Màdáàmù. Ó yẹ kó ku ẹnì kan tó ń kàwé."

Mo gbé ìyẹn mì láìfi omi sí i.

Ọjọ́ Ẹtì, 15

Oògùn ọmọ Ẹlẹ́rìn-ín tán lónìí. Olórí Ìdáná ti ra òmíràn sílẹ̀ láti àná, kò sọ fẹ́nì kankan. Ẹni tó ń ta oògùn ló ta mí lólobó. Obìnrin tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ jù!

Ọjọ́ Ajé, 18

Ọjọ́ mẹ́ta ló kù, ọ̀gá àgbà ò sí. Ìpàdé ni, ní òdìkejì ìlú, títí di Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́bọ̀! Mo lu tábìlì. Bàbá Rúlà wo aago, wọ́n wo òjò tó ń ṣú bọ̀, wọ́n ti fèrèsé wọn. Aago kò tíì lu méjìlá. Mo bínú lọ sílé. Mo ro èrò burúkú nípa wọn lójú ọ̀nà, mo kọ ọ́ síbí kí n lè tijú bó bá yẹ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19

Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fóònù dún. "Màdáàmù, mẹ́sàn-án ni." Wọ́n gbé e sílẹ̀.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ló sọ ìyókù fún mi nígbà tí mo lọ gba àwọn káàdì. Lánàá, bàbá náà di fáìlì mẹ́sàn-án sínú ọ̀rá nítorí òjò, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì méjì lọ síbi ìpàdé. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn láti aago kan títí di márùn-ún. Nígbà tí ọ̀gá àgbà jáde, ó fẹ́ fọwọ́ sí i lórí ìrìn. Wọ́n ní rárá o, ẹ jókòó kẹ́ ẹ kà á. Wọ́n yọ rúlà nínú àpò. Ọ̀gá jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ka mẹ́sẹ̀ẹ̀sán.

Èmi ì bá ti jẹ́ kó fọwọ́ sí i lórí ìrìn. Èmi ì bá tilẹ̀ di ìwé mú fún un.

Mo tijú, bí mo ṣe ṣèlérí.

Ọjọ́bọ̀, 21

Wákàtí kan ààbọ̀. Mo rìn láti ògiri dé ògiri. Obìnrin ìdáná mẹ́ta wá tààrà láti ibi iṣẹ́, òórùn alùbọ́sà lára wọn, wọ́n jókòó. Olórí Ìdáná ní, "Jókòó, o ń gbẹ́ ilẹ̀ oníilẹ̀." Dókítà jáde. Ó lọ dáadáa. Èyí tó kù nínú ìríran yẹn á dúró.

Ọjọ́ Ẹtì, 22

Wọ́n ṣí ojú Màmá. Màmá ní ó ṣì dà bíi pé àwọn ń wo inú èéfín. Wọ́n wò mí, wò mí. "O ti rù. Ta ló di irun yìí fún ẹ báyìí?"

Mo jáde, mo sunkún fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo padà wọlé.

Ọjọ́ Ẹtì, 29

Mo lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá Rúlà. Mo ra rúlà tuntun fún wọn, onírin, tó ń dán. Wọ́n dá a padà: ó ń ta mọ̀nàmọ́ná sójú ìwé, kì í jẹ́ kí àwọn ríran. Dípò ẹ̀bùn, wọ́n na fọ́ọ̀mù òfìfo kan sí mi. "Ẹ kà á."

Mo fi ìka mi ṣe rúlà. Orúkọ. Iye èèyàn nínú ilé. Owó ọ̀sẹ̀ kan. Owó ọdún kan. Mo kà á délẹ̀. Kò síbi kankan tó ti béèrè iye ọ̀sẹ̀. Àwọn tó wà nínú ọ́fíìsì ló ń sọ ọ́ di ọdún fúnra wọn bí èèyàn bá fi àyè owó ọdún sílẹ̀ — lọ́nà méjìléláàádọ́ta! Àṣìṣe mi, àwọn náà ń ṣe é. Iléèwé mẹ́rìnlélógún ló wà lábẹ́ wọn. Obìnrin ìdáná, agbálẹ̀, ẹni tó ń mú ọmọ kọjá títì. Mélòó nínú wọn ló ti ki lẹ́tà bọ abẹ́ agolo ṣúgà?

Bàbá Rúlà ní ọdún mẹ́fà làwọn ti ń kọ ọ́ sí ọ̀gá lẹ́yìn ọ̀gá, ní ohùn jẹ́jẹ́. Oṣù Karùn-ún ni wọ́n máa tẹ fọ́ọ̀mù tuntun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 30

Yàrá àpò ìrẹsì, bíi ti oṣù Kìíní. Mẹ́sẹ̀ẹ̀sán pé. Mo ti kọ lẹ́tà wá látilé, ó sì ya èmi gan-an lẹ́nu bí mo ṣe kọ ọ́: "A fi ìrẹ̀lẹ̀ bẹ ọ́fíìsì yín pé, bí àyè bá wà..." Ẹni tó ti ṣe irú àṣìṣe báyìí, ó yẹ kó rọra. Mo fún Màmá kí wọ́n kọ́kọ́ kà á.

Wọ́n fi ọwọ́ ṣíbí onígi sábẹ́ ìlà kìíní. Wọ́n kà á sókè. Wọ́n sún ṣíbí. Ojú ọ̀tún ló ń kà á. Nígbà tí wọ́n kà á tán, wọ́n ní kí n mú bírò wá, wọ́n fagi lé "fi ìrẹ̀lẹ̀ bẹ", wọ́n fagi lé "bí àyè bá wà".

"Kíámọ́sá, ta là ń bẹ̀? Ọjọ́ dà níbí?"

Mo ní mo rò pé ká fún wọn láyè díẹ̀.

"Bàbá yẹn ti fún wọn lọ́dún mẹ́fà. Jókòó. Kọ."

Mo jókòó, mo kọ. Ṣíbí yí ká, ẹnì kọ̀ọ̀kan kà á kó tó fọwọ́ sí i. Ó gbà wá ní gbogbo àárọ̀, mi ò sì wo aago. Èyí ni mo máa gbé lọ sí ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà ní Ajé:

"Fọ́ọ̀mù yín ń béèrè owó ọ̀sẹ̀ kan, kò béèrè iye ọ̀sẹ̀. Ohun tó gba káàdì lọ́wọ́ àwa mẹ́sàn-án nìyẹn. A fẹ́ kí ìlà yìí wọ inú fọ́ọ̀mù tuntun kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́: Ọ̀sẹ̀ mélòó ni wọ́n ń sanwó fún yín lọ́dún? Ẹ fi èyí tí ẹ ti tún ṣe hàn wá, lórí ìwé, kó tó di aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, 26 oṣù Kẹrin. Àwa fúnra wa la máa wá gbà á. Ọlidé iléèwé ni ọjọ́ náà bọ́ sí: kò sẹ́ni tó ń sanwó fún wa, a lè jókòó títí."